Lẹ́tà ṣíṣí sí Baroness Louise Casey: A kì í fárí lẹ́yìn olórí

Sí Baroness Louise Casey, alága ìgbìmọ̀ olómìnira tó ń ṣàyẹ̀wò ètò ìtọ́jú àgbàlagbà ní ilẹ̀ England.

Ìyáàfin Casey, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Ẹ̀dà lẹ́tà yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì ti wà lọ́nà ọ́fíìsì yín. Yorùbá ni mo kọ́kọ́ fi kọ ọ́, mo sì gbé e síta kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ kéà, ìyẹn iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà, láti Peckham títí dé Manchester lè kà á, kí wọ́n sì bá mi tún un ṣe níbi tí mo bá ti ṣì í sọ. Ọ̀rọ̀ wọn ni. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá àti bàbá wa tó darúgbó sí ìlú yìí ni pẹ̀lú, tí púpọ̀ nínú wọn kò lè ka lẹ́tà mọ́ ní èdè kankan.

Ní January 2025 ni ìjọba kéde pé ẹ̀yin lẹ máa darí ìgbìmọ̀ yìí. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní April ọdún náà. Wọ́n ní àbọ̀ àkọ́kọ́ máa jáde ní 2026, èkejì, tó máa sọ bí ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́ ṣe máa rí fún ìran tó ń bọ̀, ó di 2028. Ohun tó jẹ́ kí n gbé bírò ni pé ẹ ò tíì jókòó dáadáa tí àwọn míì fi ti mú abẹ lé orí tí wọ́n ní kí ẹ wá yẹ̀ wò. Ní May 2025, ìjọba gbé ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ wíwọ̀lú, wọ́n ní àwọn máa ti ilẹ̀kùn físà mọ́ òṣìṣẹ́ kéà láti òkè òkun. Nígbà tó fi di 22 July, ilẹ̀kùn ti tì. Ní November, àbá mìíràn tún jáde: kí àwọn tó ti wà níbí lórí físà kéà dúró ọdún 15 kí wọ́n tó lè gba ìwé ìgbélùú, dípò ọdún 5 tó wà nínú òfin nígbà tí wọ́n ń dágbére nílé. Ta ló máa tọ́jú àwọn àgbà? Ìbéèrè tí wọ́n gbé lé yín lọ́wọ́ nìyẹn, wọ́n sì ti dáhùn ìdajì rẹ̀ láì dúró dè yín, láì dúró de àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ náà.

Kí ẹ lè mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀: ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Mo dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1998, mo sì ti ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àgbà láti ọdún 17 sẹ́yìn. Mo ní páálí, kò sí ẹni tó lè fi físà halẹ̀ mọ́ mi. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èmi ni mò ń kọ̀wé. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù mí lọ wà, wọn ò lè kọ ọ́ ni. Lọ́sàn-án, tí mo bá ti sun wákàtí mẹ́rin, mò ń tọ́jú àbúrò bàbá mi obìnrin, ẹni ọdún 81, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Màmá Peckham. Ó wá síbí ní 1967 láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì fi ọdún 36 ṣe é kó tó fẹ̀yìn tì. Ó tó ọdún mẹ́fà báyìí tí iyè rẹ̀ ti ń ra.

1. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ti fi sílẹ̀

Gbogbo ẹni tó bá ti bá àìsàn iyè ríra gbélé mọ̀ pé èdè tí ènìyàn kọ́ gbẹ̀yìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Màmá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé aláìsàn, ó fi kọ́ àwọn ọmọdé nọ́ọ̀sì níṣẹ́, ó fi bá dókítà jà nígbà tó yẹ. Lónìí kò lè fi béèrè omi. Yorùbá ló kù, Yorùbá Ìjẹ̀bú ponbele, irú èyí tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ.

Lọ́dún tó kọjá wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi ní orúnkún, mo sì gba àyè fún Màmá nílé ìtọ́jú kan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún mo fi ọ̀pá dé ọ̀dọ̀ wọn, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí ìwé tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun kan náà ni wọ́n ti kọ láti ọjọ́ mẹ́rin, láàárọ̀ àti lóru: ó ń pariwo, ó ń jà, ó ń fa aṣọ òṣìṣẹ́. Lábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ti kọ ọ́ pé kí wọ́n bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa oògùn tó máa mú un rọlẹ̀. Mo lọ jókòó tì í. Kò pẹ́, ó di etí aṣọ mi mú. Ó ní, “Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Ẹ gbà mí o, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí.”

Ohun tó fi ọjọ́ mẹ́rin pariwo nìyẹn. Obìnrin tó fi ọdún 36 gbé póò fún aláìsàn ìlú yìí, tó máa ń sọ fún wa pé nọ́ọ̀sì tó bá jẹ́ kí aláìsàn òun tọ̀ sára kò ní ìtìjú, òun ni wọ́n so ìlédìí mọ́ nídìí, tí wọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀ ní oníjà. Mo mú un lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Nígbà tó ṣe tán, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ bí nọ́ọ̀sì ṣe máa ń fọ̀ ọ́, àárín ìka kọ̀ọ̀kan, títí dé ọrùn ọwọ́. Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Ìyáàfin Casey, tí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ gbọ́ tẹnu àwọn tó ń gba ìtọ́jú, fọ́ọ̀mù ni wọ́n sábà máa ń fi ránṣẹ́, tàbí kí wọ́n pe àwọn tó ṣì lè sọ̀rọ̀ dáadáa wá sí gbọ̀ngàn kan. Fọ́ọ̀mù kò lè dé ọ̀dọ̀ Màmá. Ohun tí mò ń béèrè ni pé kí ẹ rán ènìyàn lọ bá irú wọn níbi tí wọ́n wà, kó jókòó fún odidi ọ̀sán pẹ̀lú ògbufọ̀ tó gbọ́ èdè wọn, kó wo ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu. Bó ṣe rí fún Yorùbá náà ló rí fún àwọn Bengali ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, fún àwọn Somali, fún àwọn ará Poland tó wá lẹ́yìn ogun.

Ẹ má sì gbà pé ẹ ti gbọ́ ti Màmá torí pé ẹ gbọ́ tèmi. Mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ èmi kọ́ ni òun. Lọ́jọ́ kan mo ti ilẹ̀kùn kíṣìnì mọ́ ọn nítorí iná. Lójú mi, ààbò ni. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta sunkún nítorí ó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ te ẹ̀bà. Ẹbí ní ohùn tiwọn, arúgbó ní tirẹ̀, méjèèjì kì í fi ìgbà gbogbo jọra.

2. Ẹni tí físà dí lẹ́nu

Ẹnì kan wà nínú ilé tí mo sọ yẹn tó gbọ́ gbogbo ohun tí Màmá ń sọ. Ọmọbìnrin ará Ìlọrin ni. Nígbà tí mò ń jáde, ó bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí sí. Ó kúnlẹ̀ kí mi wéré, ó tún yára dìde kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

“Mà, ìyá yẹn fẹ́ tọ̀ ni o. Mo ti sọ fún wọn lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí n máa sọ lẹ́nu iṣẹ́.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò tẹnu mọ́ ọn. Ó fọwọ́ kan káàdì tó gbé kọ́rùn.

“Àwọn ló gbé sponsorship mi dání, mà.”

Ohun tó ń sọ ni pé orí ilé iṣẹ́ yẹn ni físà òun dúró lé. Mi ò bá a wí. Ṣé kí n bá a wí ni? Tí ilé iṣẹ́ bá yọwọ́, 60 ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún òṣìṣẹ́ láti wá agbaniṣíṣẹ́ mìíràn tàbí kó máa lọ sílé. Láti July 2022 sí December 2024, ìjọba fúnra wọn sọ pé àwọn gba ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń gba òṣìṣẹ́ láti òkè òkun kúrò lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ kéà tó lé ní 470, àwọn òṣìṣẹ́ tó so mọ́ wọn sì lé ní 39,000. Ilé iṣẹ́ ló ṣẹ̀, òṣìṣẹ́ ló di aláìníbi-orílé. Mo mọ àwọn tó ta ilẹ̀ bàbá wọn nílé kí wọ́n tó rí owó fún ẹni tó bá wọn ṣe ìwé, tí wọ́n dé tí wọn ò bá iṣẹ́ kankan. Ìjọba ló la ilẹ̀kùn yìí fún kéà ní February 2022 nígbà tí kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà. Láti 11 March 2024, ẹni tó bá ń bọ̀ kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọmọkùnrin ọmọ Ìlọrin yìí, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ló wà. Orí fóònù ló ti ń sùn tì í.

Ẹ lè pe irú ọmọ yìí sí ìpàdé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Tí máníjà rẹ̀ bá jókòó sí ìlà iwájú, “kò sí wàhálà” lẹ máa gbọ́, ẹ ó sì kọ ọ́ sínú àbọ̀ yín pé òṣìṣẹ́ kò ráhùn. Ìpè nìkan kò tó. Ohun tó dí wọn lẹ́nu ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí kúrò. Nítorí náà:

Kí ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà pé ohunkóhun tí òṣìṣẹ́ bá sọ fún ìgbìmọ̀ yín kò ní kan físà rẹ̀, kò sì ní di ohun tí wọ́n ń fi wádìí rẹ̀. Kí ẹ tẹ ìwé náà síta ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Kí ẹ gbọ́ tẹnu wọn láìsí máníjà níbẹ̀, láì kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Kí ẹ sọ fún ìjọba ní gbangba pé kí wọ́n dá àbá ọdún 15 yẹn dúró fún òṣìṣẹ́ kéà títí iṣẹ́ yín fi máa parí. Ẹ ò lè gbé ètò ìtọ́jú ọgbọ̀n ọdún kalẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ń tú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ká.

Òfin ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ tó wọlé ní December 2025 ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ tó máa dúnàádúrà lórí owó oṣù kéà, wọ́n sì ní 2028 ni àdéhùn àkọ́kọ́ máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó dára. Kí àwọn tó wà lórí físà ní àga nínú rẹ̀, kí àwọn tó ń lọ láti ilé dé ilé ní tiwọn. Ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì mẹ́ta láàárín arúgbó mẹ́rin, tí wọn kì í sanwó ìrìn náà fún, ló mọ ìdí tí ìṣẹ́jú 15 kì í fi í tó láti wẹ̀ fún ènìyàn.

Mi ò ní kí ẹ má gbọ́ ti àwọn onílé ìtọ́jú o. Kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ń san owó táṣẹ́rẹ́ fún wọn, owó tí wọ́n ń san sí ètò adójútòfò ìjọba lórí òṣìṣẹ́ sì ti gun òkè láti 13.8% sí 15% ní April 2025. Mo ti rí ọ̀gá kan tó ta mọ́tò rẹ̀ kó lè san owó oṣù wa. Àmọ́ àwọn onílé ní ẹgbẹ́, wọ́n ní lọ́yà, wọ́n mọ nọ́mbà fóònù àwọn aṣòfin. Wọ́n á dé ọ̀dọ̀ yín láìsí ìrànlọ́wọ́ mi.

3. Àwọn ìwé tó ti wà lórí pẹpẹ

Ní 1999, ìgbìmọ̀ tí Stewart Sutherland darí sọ pé kí ìtọ́jú ara arúgbó di ọ̀fẹ́. Scotland gbà á, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní July 2002. England kò gbà á. Ní 2011, Andrew Dilnot, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tí ìjọba ní kó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ní kí òté, ìyẹn iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, wà lórí owó tí ẹnì kan máa san kó tó kú. Wọ́n fi ṣòfin ní 2014, wọ́n ní £72,000 ni òté náà, ó máa bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Wọ́n sún un sí 2020. Wọ́n jù ú nù. Ní 2021, Boris Johnson, olórí ìjọba nígbà náà, ní ó ti di £86,000, October 2023 ló máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sún un sí October 2025. Ní July 2024, Rachel Reeves, mínísítà ètò ìsúná, fagi lé e.

Màmá wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí tọdún 1999 jáde. Ó ra ìwé ìròyìn wálé, ó fi bírò pupa fa ìlà sí i. Ó ní tí òun bá darúgbó, wàhálà òun kò ní pọ̀. Ìwé ìròyìn náà ṣì wà nínú àpótí aṣọ rẹ̀.

Mo ti rò ó títí lẹ́nu iṣẹ́ òru, ohun tí mo rí rèé: gbogbo ètò wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ ta ló máa sanwó ni. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ló gbé wọn kalẹ̀, wọ́n sì mọṣẹ́. Àmọ́ kò sí ìyá àgbà tàbí òṣìṣẹ́ kéà tó rí ọwọ́ ara rẹ̀ nínú wọn. Nígbà tí wọ́n wá fagi lé wọn, ta ló jáde sí títì? Ohun tí a kò bá ará ìlú kọ́, ará ìlú kò ní dìde gbèjà rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí iṣẹ́ yín pẹ́ ju olórí ìjọba tó rán yín lọ, àwa lẹ máa kó sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó lè dùn wá tí wọ́n bá fẹ́ wó o.

Ẹ tún rántí 2020. Láàárín 17 March sí 15 April, nǹkan bí 25,000 ènìyàn ni wọ́n kó láti ilé ìwòsàn lọ sí ilé ìtọ́jú àgbà, tí kò sì pọn dandan kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò fún kòrónà. Ní April 2022, ilé ẹjọ́ gíga sọ pé ìlànà náà lòdì sófin. Àwọn obìnrin méjì tí bàbá wọn kú nílé ìtọ́jú, Cathy Gardner àti Fay Harris, ló pe ẹjọ́ náà. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Yàrá 28 la ní, gbogbo rẹ̀ lẹ́nì kan wà nínú rẹ̀ àfi méjì, ìlẹ̀kùn méjèèjì sì kọjú sí yàrá ìjẹun. Ká ní ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ òru kan ṣoṣo, à bá ti sọ fún un pé kò sí ibi tí a lè yà wọ́n sọ́tọ̀ sí. Ẹnikẹ́ni kò béèrè. Mo wẹ òkú mẹ́sàn-án lóṣù April yẹn. Orúkọ gbogbo wọn wà lórí mi.

4. “A ní ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde”

Ẹ mọ ohun tí òfin wí ju mi lọ: ẹni tó bá ní ju £23,250 lọ, òun ló máa san gbogbo owó ìtọ́jú rẹ̀. Láti 2010 ni nọ́mbà yẹn ti wà lójú kan, bí owó ọjà ṣe ń gun òkè tó. Tí ènìyàn bá wọ ilé ìtọ́jú, tí ọkọ tàbí aya kò sí nílé tó fi sílẹ̀, wọ́n sábà máa ń ka ilé náà mọ́ owó rẹ̀. Ohun tó wà ní òkè òkun náà wà nínú ohun tí wọ́n ń kà.

Ọmọ kánsù tó wá ṣe ìwádìí Màmá kò yájú rárá. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó gba tíì. Ó gbé kọ̀ǹpútà sórí ẹsẹ̀, ó ń béèrè, mò ń túmọ̀. Ó bi Màmá bóyá ó ní ilé níbòmíràn. Ara Màmá dá lọ́jọ́ yẹn, inú rẹ̀ dùn pé wọ́n béèrè ilé wọn. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. A ní ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde.”

“A” ló sọ. Kò sọ pé “mo ní”. Gbogbo Yorùbá tó ń ka èyí ti mọ ohun tó sọ. Ilé tí bàbá bàbá mi kọ́ ni, ojúlé mẹ́rin ló pín in, àwọn tó ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀ lé ní 40, òkú baba wa wà lábẹ́ yàrá kan nínú rẹ̀. Kò sí ọmọ kankan tó lè tà á, kò sí ẹni tó máa rà á. Nínú fọ́ọ̀mù, ó di pé Màmá ní ilé ní Nigeria. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e béèrè iye tó tó. Oṣù méje ni mo fi kọ̀wé lọ, tí wọ́n kọ̀wé bọ̀. Ní gbogbo oṣù méje yẹn, ẹni tó yẹ kó máa wá bá mi gbé e wọ bàlùwẹ̀ kò wá. Ibẹ̀ ni orúnkún mi ti bàjẹ́.

Ti ìyá ọ̀rẹ́ mi kan tún wà, tó jẹ́ olórí èésú láàárín àwọn ìyá ìjọ. Owó ènìyàn 12 wà nínú àkáǹtì rẹ̀ nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n kà á sí owó tirẹ̀.

Àwọn ará Jamaica ní ilẹ̀ ẹbí bíi tiwa, mo sì gbàgbọ́ pé ìtàn wọn kò ní yàtọ̀. Kò sí ojúkòkòrò nínú ọ̀rọ̀ mi, mi ò ní kí wọ́n bá wa fi owó pamọ́. Mò ń sọ pé ẹni tó kọ ìlànà náà kò bá ẹni tó ní ilé ẹbí jókòó rí. Tí ẹ bá fẹ́ tún ètò ìṣirò yẹn ṣe, ẹ kó àwọn tó ń ṣe ìwádìí fún kánsù, àwọn lọ́yà tó mọ òfin ilẹ̀ wa, àti àwọn ẹbí sínú yàrá kan náà, kí ẹ tó kọ nọ́mbà tuntun kalẹ̀.

5. “Ẹ̀yin ṣáà ń tọ́jú ara yín”

Ẹnì kan ní ọ́fíìsì kánsù ló sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, ó sì rò pé òun ń yìn wá. Bẹ́ẹ̀ ni, òkété tó bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Wọ́n kọ́ mi bẹ́ẹ̀, mo sì gbà á. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ nílé, agboolé ló wà níbẹ̀: ìyàwó ilé, ọmọ, ọmọ ọmọ, aládùúgbò. Èmi nìkan ló wà nínú fúláàtì yìí. Nínú ìkànìyàn 2021, nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 ènìyàn ní England àti Wales ló sọ pé àwọn ń tọ́jú ẹnì kan láì gba owó. Ní April 2025, owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún irú wa di £83.30 lọ́sẹ̀, fún ẹni tó bá ń fi wákàtí 35 ó kéré tán tọ́jú ènìyàn. Lọ́dún náà, tí owó iṣẹ́ rẹ bá fi kọ́bọ̀ kan kọjá £196 lọ́sẹ̀ lẹ́yìn àwọn ìyọkúrò, o pàdánù gbogbo rẹ̀. Mo kọjá a. Kọ́bọ̀ kan kò kàn mí.

Tí ẹ bá pe ìpàdé sí agogo mẹ́wàá àárọ̀ Tuesday ní hòtẹ́ẹ̀lì kan láàárín ìlú, mi ò lè wá. Agogo mẹ́sàn-án kù díẹ̀ ni mo máa ń dé láti ibi iṣẹ́, mo sì ní láti pààrọ̀ aṣọ Màmá. Ẹ wá bá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn. Ẹ wá sí àsálátù lọ́jọ́ Sunday. Ẹ sanwó fún ẹni tó máa jókòó ti arúgbó fún wákàtí tí a fi wà lọ́dọ̀ yín, kí ẹ sì san owó àkókò àwa náà, bí ẹ ṣe ń san ti àwọn onímọ̀ tí ẹ ń pè.

6. Ohun tó yẹ kó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ

Mi ò béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. Nígbà tí Japan bẹ̀rẹ̀ ètò adójútòfò ìtọ́jú àgbà ní April 2000, gbogbo ẹni tó ti pé 40 ọdún ló ń dá owó sí i. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń tún ètò tirẹ̀ ṣe ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, òfin wọn sì ní kí wọ́n jẹ́ kí èrò àwọn tó ń dáwó hàn nínú rẹ̀. Ní Scotland, òfin tó fún ará ilé ìtọ́jú ní ẹ̀tọ́ láti máa rí ẹbí wọn, tí ilé aṣòfin fọwọ́ sí ní June 2025, orúkọ obìnrin kan ni wọ́n ń pè é: òfin Anne. Ọmọ Anne ló gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ dìde, nítorí wọn kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ nígbà kòrónà.

Nítorí náà, yàtọ̀ sí ohun tí mo ti béèrè lókè, mo fẹ́ nǹkan mẹ́ta. Fún apá kejì iṣẹ́ yín, ẹ fún àwọn tó ń gba ìtọ́jú, àwọn tó ń ṣe é fún owó, àti àwọn ẹbí ní àga tó ní ìbò, kì í ṣe àga ẹlẹ́rìí nìkan. Èkejì, ẹ tẹ ìwé jáde tó sọ ohun tí ẹ gbọ́, èyí tí ẹ mú lò, èyí tí ẹ kò mú lò, àti ìdí rẹ̀. Tí ẹ bá kọ èrò mi, ẹ sọ ìdí fún mi. Mo lè gbà á. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni mi ò lè gbà. Ẹ̀kẹta, ẹ má jẹ́ kí ohun tí kò ná ìjọba ní owó púpọ̀ dúró de 2028. Ògbufọ̀ àti ìwé ìdánilójú fún àwọn tó wà lórí físà kò nílò òfin tuntun.

Màmá máa ń jí kedere láàárín agogo méjì sí mẹ́rin lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ orin ìjọ lórí rédíò. Ẹ wá. Àdírẹ́sì wa wà nínú ẹ̀dà tó wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ mú ògbufọ̀ dání, kì í ṣe èmi, torí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ láì gba ẹnu mi kọjá. Ó máa bi yín bóyá ẹ ti jẹun. Ẹ dáhùn pé rárá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́ òru kan, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù